Ikùn Tí Kì í Ṣe Oyún

Ẹ bá mi yin Ọba tó fi èémí sí ihò imú mi títí di àárọ̀ yìí. Halelúyà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe, ẹ ṣe é kó dé ọ̀run. Halelúyà! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Wòlíì tó fún mi láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àdúrà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ìjọ. Wọ́n ti gbé àga wá fún mi, wọ́n ní kí n jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n màá dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó.

Ìyá Bùkọ́lá ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó níbí ni mí, ilé ọkọ ló gbé mi lọ sí Abigi. Apẹja lọkọ mi. Òun ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ má wẹ̀yìn, kì í fẹ́ kí wọ́n máa wo òun. Òun á pa ẹja, èmi á yan án, màá sì kó o lọ sọ́jà. Ọlọ́run fún wa ní Bùkọ́lá. Ó wá pẹ́ kí òmíràn tó dé. Nígbà tó sì dé, ayọ̀ ò gba inú ilé.

Orí oyún yẹn ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo rọbí títí, ọmọ ò wá. Ó dábùú ni. Kí wọ́n tó gbé mi dé ọsibítù, mo ti ń sọ ìsọkúsọ. Wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ. Wọ́n la inú mi láti òkè ìdodo dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbé ọmọ náà jáde, ó ti kú. Ọkùnrin ni. Mi ò rí i. Kí n tó lajú, bàbá rẹ̀ ti fi aṣọ wé e, ó ti gbé e lọ sin. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Omi ọmú ń rọ̀ sí mi láṣọ, kò sí ẹnu tó máa mu ún.

Ojú abẹ yẹn wá kẹ̀. Ibi tí oyún ti jáde, ọyún ló tún ń tibẹ̀ jáde. Nígbà tó sì jinná, awọ lásán ló jinná. Ẹran abẹ́ rẹ̀ ò so pọ̀. Èmi ò mọ̀. Mo padà sídìí iná ẹja mi. Lọ́jọ́ kan, èéfín há mi lọ́fun, mo wúkọ́, mo bá rí i tí nǹkan yọ lẹ́bàá ìdodo mi bí èso ikàn kékeré. Mo tì í, ó wọlé. Mo ní ó ti tán. Nígbà tó yá, ó tó ọsàn. Nígbà tó tún yá, ó tó orí ọmọdé. Tí mo bá dùbúlẹ̀, màá máa wo ìfun mi tó ń rìn lábẹ́ awọ bí ìgbà tí ejò bá ń rìn lábẹ́ ẹní. Mo máa ń yára faṣọ bò ó kí Bùkọ́lá má baà rí i.

Ẹ̀yin ará, ìrora rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Kíkí tí wọ́n ń kí mi ni.

Tí mo bá gbé agbọ̀n ẹja jáde, àwọn èèyàn á sáré wá gbà á lórí mi. "Ẹ rọra o, ẹ ó sọ̀ ọ́ láyọ̀!" Tí mo bá fẹ́ wọ mọ́tò, wọ́n á ní kí n bọ́ síwájú kí n lè ráyè jókòó. "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Èèyàn kì í kọ àdúrà. Àmín ni mò ń ṣe. Mò ń ṣàmín sí oyún tí kò sí, lórí ikùn tí ọmọ mi kú sí. Ọdún yí, ọdún tún yí, ikùn ò wálẹ̀. Ni ìkíni bá di ìbéèrè, ìbéèrè di òfófó. Àwọn kan ní ayé ló dè mí. Àwọn kan ní ìju ni. Obìnrin kan ládùúgbò wa, Ọlọ́run á dárí jì í, ó bi mí níta gbangba pé ṣé kì í ṣe pé ọmọ tó kú yẹn ni kò tíì jáde tán.

Mo gba ọ̀nà ilé lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Tí nǹkan bá ta pútú nínú mi, màá di ikùn mú, màá ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni?" Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Iwájú pẹpẹ ni mo dúró sí, mi ò ní purọ́: orí mi ti fẹ́ dàrú.

Dókítà kan bá mi rán an lẹ́ẹ̀kan, kò sọ ohun tó jẹ́ fún wa. Ó fa etí méjèèjì pọ̀, ó rán an bí ẹni rán aṣọ tó ya. Inú wa dùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, mo sín, ó já. Mo gbọ́ ọ létí ara mi, fààà! Èyí tó wá yọ lẹ́yìn ìyẹn tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbé ìró mi síwájú, awọ rẹ̀ wá fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Bí mo bá ti rìn díẹ̀, màá jókòó. Mo tún máa ń fọwọ́ gbé e bí ẹni gbé ẹrù.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, níbi tí mo ti ń yí ẹja lórí iná, ó le gbandi. Mo tì í, kò wọlé. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bì, ohun tí mò ń bì sì ń rùn bí ìgbẹ́. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì la wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni mò ń jẹ́. Mi ò lè yàgbẹ́, mi ò lè só. Ọkọ mi ò lọ sódò lọ́jọ́ yẹn, àwọ̀n rẹ̀ tó ya ló ń tún ṣe. Ẹ wo iṣẹ́ Olúwa! Ká ní orí omi ló wà ni, òkú mi ni ì bá bá nílé. Ó gbé mi sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù kan, ó gbé orí mi lé itan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Ogun Waterside, ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo kòtò tí táyà já sí, inú mi ló já sí.

Ní ọsibítù ńlá tí wọ́n gbé mi dé, dókítà fọwọ́ kàn mí, ó ní, "Màmá, ìpá nìyí. Ó ti fún ìfun yín lọ́rùn."

Mo ní, "Ìpá kẹ̀? Ṣé obìnrin náà ń ní ìpá ni?"

Ó ní, "Ibikíbi tí ara ikùn bá ti lu, ìfun lè gbabẹ̀ yọ. Ojú abẹ yín àtijọ́ ló lu."

Ẹ̀yin ará, bí mo ṣe ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn tù mí lára. Ó lórúkọ! Kì í ṣe ayé. Kì í ṣe ọmọ mi ló ń bá mi jà.

Wọ́n gé èyí tó ti kú nínú ìfun náà sọnù. Ṣùgbọ́n inú mi ti dọ̀tí, wọn ò lè dí ihò yẹn. Wọ́n yọ ojú ìfun sí ẹ̀gbẹ́ ikùn mi, wọ́n lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, inú ọ̀rá yẹn ni ìgbẹ́ mi ń wá sí, yálà mo fẹ́ tàbí mi ò fẹ́. Èmi tí mò ń gbé oúnjẹ fún aráyé! Ta ló máa ra ẹja lọ́wọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí wọ́n gbé mi wá sọ́dọ̀ òun níbí, nítorí ibí sún mọ́ dókítà ju Abigi lọ.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ìjọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbóòórùn mi. Mo máa ń rí i tí ẹnìkan bá rọra gbé Bíbélì rẹ̀, tó lọ jókòó síbòmíì. Mi ò bínú. Èmi náà ì bá sún. Ìyá Àdúrà ni kò sún. Ó wá jókòó tì mí, ó fi èjìká rẹ̀ kan tèmi. Mo ní, "Mà, mò ń rùn." Ó ní, "Ọlọ́run náà ń gbóòórùn ẹ, kò sì sá. Kọrin."

Nígbà tí ara gbà díẹ̀, wọ́n dá ojú ìfun padà sínú, ọ̀rá lọ. Ìyẹn nìkan tó ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ihò ńlá yẹn ṣì wà, gbogbo ìfun mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sínú àpò awọ níta tán. Dókítà ní kí n jẹun, kí n máa rìn, kí egbò gbẹ dáadáa, èyí tó le jù ló kàn. Nígbà tó tó àkókò, ó pe èmi àti ọkọ mi jókòó.

Ó ní, "Màmá, ìfun yín ti pẹ́ lẹ́yìn ilé, ilé rẹ̀ sì ti fún. Tí a bá dá a padà, ó lè ti ẹ̀dọ̀fóró yín sókè, kí èémí má já geere. Ẹran ikùn yín náà ti sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. A máa là á ní ìpele-ìpele kó lè gùn, ká fà á wá pàdé láàárín, ká wá tẹ́ àwọ̀n sábẹ́ rẹ̀."

Ọkọ mi gbórí sókè. "Àwọ̀n?"

Dókítà mú ọ̀kan jáde. Ó funfun, ó rọ̀. Ọkọ mi fi àtàǹpàkò yẹ ojú rẹ̀ wò, bó ṣe máa ń yẹ tirẹ̀ wò létí ọ̀sà.

"Tó bá já ńkọ́, sà?"

"Ẹran ara ló máa hù wọ inú ojú rẹ̀, Bàbá. Tó bá ti hù wọ̀ ọ́, kò ní já bọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kòkòrò. Tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, a máa ní láti yọ ọ́."

"Ṣé ìyàwó mi lè kú?"

"Ó lè kú."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò parọ́ fún wa.

Nígbà tí wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù, ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, Ìyá Sikira ni, ará àdúgbò Japara níbí, obì ló ń tà. Mùsùlùmí ni. Irú tèmi gan-an ló ń ṣe é. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ríra, ó wo ikùn mi, mo wo tirẹ̀, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, oṣù mélòó?" A rẹ́rìn-ín, a di ikùn mú, ó ń dùn wá, a sì tún ń rín in. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Láàárọ̀, òun á fa tẹ̀súbáà rẹ̀, èmi á ka Sáàmù mi. Tí a bá parí, a ó ṣàmín fúnra wa.

Òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ tíátà. Ó jáde láyọ̀. Ikùn rẹ̀ wálẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó ní, "Ìyá Bùkọ́lá, wá wo ikùn ọmọge!" Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó dìde kó rìn díẹ̀. Ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, ó gbésẹ̀, ó ní àyà ń fún òun. Ó jókòó. Kò dìde mọ́. Wọ́n sáré dé, wọ́n fa kọ́tìnnì yí i ká, wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀, èmi ń gbọ́ bí irin bẹ́ẹ̀dì ṣe ń dún. Mo pe Jésù fún un bí mo ṣe máa pè é fún ara mi. Ó kú.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó dì ló gba ẹsẹ̀ gòkè lọ dí i láyà. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ irú èyí nínú ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá fò ó, irọ́ ni mo wá pa níbí. Àdúrà tí mo gbà fún un kò dín sí èyí tí mo gbà fún ara mi. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ni mo dúró síbí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó má sọ ọ́ fún mi.

Tèmi ló kàn. Mo kó ẹrù mi sínú báàgì. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Ìyá Sikira, Sikira fúnra rẹ̀ wá kó àwọn nǹkan ìyá rẹ̀. Abiyamọ ni òun náà. Ó bá mi lórí ìdúró.

"Ibo lẹ̀ ń lọ, mà?"

"Ilé ni."

Kò bá mi jà. Ó tú báàgì ìyá rẹ̀, ó yọ bẹ́líìtì ikùn tuntun, èyí tí wọ́n ní ká rà láti máa fi di ikùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Inú ọ̀rá rẹ̀ ló ṣì wà. Ó ní, "Wọn ò rí i lò. Tí mo bá gbé e délé, màá kàn máa wò ó ni. Ẹ gbà, mà. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n ṣe é." Ó kọjú sí ògiri. Mo gbà á. Mo tún ẹrù mi tú. Bẹ́líìtì yẹn ni mo dì sábẹ́ aṣọ àdúrà mi yìí.

Ọjọ́ tí mo wọ tíátà, Ìyá Àdúrà kó àwọn ìyá jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, orí eékún ni wọ́n wà títí ọkọ mi fi pè lórí fóònù pé mo ti jáde. Nígbà tí mo lajú, páìpù wà lọ́fun mi, ẹ̀rọ ló ń bá mi mí. Mo rò pé wọ́n ti sin mí ni, mo rò pé yẹ̀pẹ̀ ló wà láyà mi. Mi ò lè pariwo. Mo kàn mọ̀ pé ọwọ́ kan di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mú, ọwọ́ líle, mo mọ ọwọ́ yẹn. Mo ní sínú, òkú ò lè mọ ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Wọ́n yọ ẹ̀rọ, mo mí. Ògo! Ṣùgbọ́n ibà tún gbé mi. Ojú abẹ pọ́n, omi ń ti ibẹ̀ jáde. Dókítà ń wá wò ó, èmi sì mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Mo gbàdúrà. Kì í ṣe àdúrà tó gùn. Mo ní, "Olúwa, mi ò lẹ́jẹ̀ẹ́ kankan tí màá jẹ́ mọ́. Tó o bá fẹ́ mú mi, mú mi. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n tún là mí." Ìyá Àdúrà gbé omi àdúrà wá. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọ́dọ̀ kan ojú abẹ o. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Iwájú orí mi ló fi rà, ó sì ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí mi létí. Ibà yẹn lọ sílẹ̀. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, àdúrà ń wọlé. Ẹ má bi mí èyí tó kọ́kọ́ bá a, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo só. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa! Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́!" Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá tíì dí rí, kò mọ̀ pé ọpẹ́ ń bẹ lórí ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, mo lá a díẹ̀, ó lọ, kò padà. Halelúyà!

Nígbà tí mo padà sí Abigi, ikùn mi ti wálẹ̀. Bí mo ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, obìnrin kan tí kò mọ̀ mí dáadáa, ojú ló fi mọ̀ mí, sáré wá dì mọ́ mi.

"Ẹ kú ewu ọmọ o! A dúpẹ́! Kí lẹ bí?"

Mo fẹ́ ṣàmín bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò jáde. Mo ní, "Ọkùnrin ni. Ó kú."

Láti ọjọ́ tí ó ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo délé, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí ẹkún yẹn ti wà nínú mi. Kò sẹ́ni tó bá mi sun ún; ta ló ń bá aboyún kẹ́dùn? Ọkọ mi wá jókòó tì mí. Mo ní kó mú mi lọ síbi tó sin ín sí. Ó ní, "Ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ." Mo ní ó dáa, kó sọ bó ṣe rí fún mi. Ó fa àwọ̀n rẹ̀ lé itan, ó ń wá ojú tó já.

Ó wá ní, "Ó gùn. Irun rẹ̀ kún wá síwájú orí. Bàbá ẹ ló jọ."

Mo ń wò ó.

Ó ní, "Mo pè é ní Adéyẹmí kí n tó gbé e sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kó lọ láìlórúkọ."

Gbogbo ọdún yẹn, òun nìkan ló ń dá a gbé.

Ìyá ọlọ́mọ méjì ni mí, ẹ̀yin ìjọ Ọlọ́run. Bùkọ́lá wà láàyè. Adéyẹmí wà lọ́dọ̀ Ẹni tó dá a. Èmi wà níhìn-ín, mò ń mí, mò ń jẹ, ó ń lọ. Ògo ni fún Baba, ògo fún Ọmọ, ògo fún Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹ bá mi yọ̀! Ẹ dìde, ẹni tó lè jó kó jó. Ẹni tí omijé bá ń bọ̀ lójú rẹ̀, kó má nù ún, kó jẹ́ kó ṣàn, ìyìn náà nìyẹn. Dókítà ò tíì gbà fún mi kí n jó. Ẹ bá mi jó o, èmi á máa pàtẹ́wọ́.